Òjé Tó Ń Lẹ̀ Mọ́ Nǹkan

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ fi mí jẹ Ìyá Ẹgbẹ́ ni mo mọ̀ pé wọ́n ti ń lé mi lọ sílé.

Ẹgbẹ́ píkùbọ́ọ̀lù wa ní Festac kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Kọ́ọ̀tù tẹníìsì àtijọ́ kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Fourth Avenue tí koríko ti fẹ́ gbà tán. A ro ó, a tún ilẹ̀ rẹ̀ ṣe, a kun ìlà sí i. Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó sáà rántí tẹníìsì: àwọ̀n wà láàárín, bọ́ọ̀lù rẹ̀ jẹ́ ike tó ní ihò yíká, ohun tí a sì fi ń gbá a ni pádù, pátákó pẹrẹsẹ tó ní ìdìmú kúkúrú. Ẹni méjì méjì la máa ń gbá a. Ẹnì kejì mi ni Alhaja Ṣẹ̀fíátù, ọmọ onílẹ̀ Àmúwò. Ẹgbẹ́ ni wá, a ò sì jọ ń bẹ̀rù ara wa. Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ, èmi náà kò sì yadi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, mo yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wa, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi sì kán. Wọ́n di símẹ́ńtì sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n tú u, dókítà ní ó ti jinná. Egungun gbọ́, àwọn ènìyàn ni kò gbọ́. Adédìran ọkọ mi kò jẹ́ kí n gbé kẹ́tùlù mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń gba Bíbélì lọ́wọ́ mi ní ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tí mo ra tòmátì mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ ní Agboju fẹ́ bá mi gbé ọ̀rá náà dé ìdí mọ́tò. Wọ́n ń gẹ̀ mí bí ẹyin, bẹ́ẹ̀ mi ò ní kí wọ́n gẹ̀ mí.

Lóòótọ́, mi ò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa mọ́. Èyí tó yẹ kó kọjá àwọ̀n a bọ́ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Richard, alága wa, fi dìde lọ́jọ́ Thursday kan lẹ́yìn tí a gbàdúrà tán. Richard fẹ̀yìn tì ní báńkì, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, àyà rẹ̀ fẹ̀, ó sì fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ lórí ìdúró.

"Mummy Kọ́ládé," ó ní, "a ti ṣe meeting lórí yín. A fẹ́ fi yín jẹ Ìyá Ẹgbẹ́. Ẹ ò ní máa fi ìyà jẹ ara yín mọ́. Bukky á máa bá Alhaja gbá a. Àga yín rèé, Mummy!"

Wọ́n gbé àga ike funfun kan jáde, èyí tó ní apá, wọ́n so agbòòrùn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ÌYÁ ẸGBẸ́ sí i lára. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbàdúrà sórí bọ́ọ̀lù kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa ṣọ́ kúlà omi. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Bukky, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì tí ojú rẹ̀ mọ́, kúnlẹ̀ kí mi kú oríire.

Ẹ wo ọ̀ràn! Tí ènìyàn bá bú mi, mo lè bú u padà. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá oyè padà? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fún mi, ọwọ́ ni wọ́n sì gbà.

Mo dúpẹ́. Mo ní inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ Ìyá Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ na alága." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò ṣeré o. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, èmi àti Alhaja, ìwọ àti Bukky. Tí a bá nà yín, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n máa gbá bọ́ọ̀lù mi. Tí ẹ bá nà wá, màá jókòó sórí àga yẹn títí Jésù á fi dé."

"Mummy, no problem," ni Richard wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kò sè.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù.

Ká sòótọ́, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo délé. Mo gbé pádù mi sórí tábìlì, mo ń wò ó. Kọ́ládé ọmọ mi ló fi í ránṣẹ́ láti Canada nígbà tí ọwọ́ mi kán. Ó ní, "Mummy, èyí fúyẹ́ gan-an, kò ní ni ọwọ́ yín lára." Ó fúyẹ́ lóòótọ́, fífúyẹ́ náà gan-an ló sì ń pa mí. Bí bọ́ọ̀lù líle bá ti bà á, orí rẹ̀ a yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbígbọ̀n rẹ̀ a sì wọ ibi tí egungun ti kán lọ tààrà.

Mo wá wo fídíò kan lórí fóònù. Ọkùnrin inú rẹ̀ ní kí ènìyàn lẹ òjé pẹlẹbẹ mọ́ etí pádù. Tó bá wà lórí, ó ń fún bọ́ọ̀lù lágbára. Tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í jẹ́ kí pádù yí. Tó bá wà nídìí ìdìmú, ọwọ́ á yá. Ó sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ohun kan ṣoṣo tí etí mi gbà níbẹ̀ ni agbára.

Alhaja wà ní Trade Fair lọ́jọ́ náà, ó lọ ra iná ẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Mo tẹ̀wé sí i kíá: "Alhaja jowo ba mi ra oje die bo. Eyi to n le mo nnkan." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi tẹ lẹ́tà fún ìjọba àpapọ̀. Mi ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kankan rí, ìjọba kò sì wó.

Nírọ̀lẹ́, Alhaja wọlé, ó gbé agolo kan kalẹ̀ níwájú mi. Gọ́ọ̀mù pupa rúsúrúsú tí àwọn aránbàtà fi ń lẹ bàtà ni.

"Kí lèyí?"

"Oje tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan. Wọ́n ní kò sí èyí tó lẹ̀ tó o ní gbogbo Trade Fair."

"Òjé ni mo wí, Alhaja! Òjé! Irú èyí tí wọ́n fi ń sọ àwọ̀n ẹja sísàlẹ̀ omi!"

"Ìwọ lo kọ oje sí mi. Mo ka oje. Ṣé èmi ni màá bá ọ fi àmì sí i ni? Dúpẹ́ pé mi ò ra omi ọsàn wá." Ó jókòó, ó ń wò mí bí mo ṣe fi ọwọ́ bo ẹnu. "Tí ẹnì kan bá gbọ́ pé akọ̀wé àgbà ìjọba kò mọ̀wé kọ!"

A rẹ́rìn-ín títí ọkọ mi fi jáde láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, Alhaja ní, "Àbí orí ẹ ò pé ni? Bùsàrí àbúrò mi ń ṣe wheel balancing ní Agboju. Kí ló ń lẹ̀ mọ́ ríìmù mọ́tò lójoojúmọ́ tí kì í bá ṣe òjé?" Ó ju gọ́ọ̀mù náà sínú báàgì eré rẹ̀, ó ní ẹni tó tà á kò ní gbà á padà.

Ṣọ́ọ̀bù Bùsàrí wà lójú ọ̀nà Old Ojo. Ó ní ẹ̀rọ kan tó ń yí táyà yípo, tó sì ń fi hàn án ibi tí yóò lẹ òjé mọ́ kí mọ́tò má baà máa gbọ̀n lórí eré. Bùsàrí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gba pádù mi, ó gbé e sórí ọwọ́ sukudiráfà, ó ń sún un síwájú sẹ́yìn títí ó fi dúró gbọọrọ láì ṣubú.

"Mummy, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?"

"Agbára. Kó gbogbo òjé sí orí."

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, Mummy."

Ó yẹ kí n gbọ́. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé bí ọmọdé bá sọ fún àgbà pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù, ohun tó ń sọ ni pé àgbà náà ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n etí mi ti di fún agbára. Ó lẹ mẹ́fà mọ́ orí pádù náà, gíráàmù márùn-ún márùn-ún, mo sì gbé e lọ sílé bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí mo gbá fo ògiri, ó sì bọ́ sínú aṣọ tí obìnrin kan ń fọ̀ lọ́wọ́. Ìkejì lu táńkì omi gbàà. Ìkẹta, a kò rí i títí di òní. Agbára wà, kò sí ìjánu. Bí mo bá sì fẹ́ yí pádù náà padà kíákíá, yóò máa wọ́ ọwọ́ mi bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Nígbà tó di Sunday, ọrùn ọwọ́ mi ti wú. Alhaja rí i, kò sọ nǹkan kan. Tí Alhaja bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ńlá nìyẹn.

Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo lọ jókòó sórí àga náà. Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí ni. Ó dùn ún jókòó. Atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ agbòòrùn, ẹsẹ̀ mi sinmi, mo sì bá ara mi níbi tí mo ti ń ronú ohun tí màá máa sọ fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù: ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ rọra o. Ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí mo ṣubú lọ. Mo fò dìde bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ.

Lọ́jọ́ Monday, mo padà sọ́dọ̀ Bùsàrí. "Bùsàrí, gbàgbé pé mo jù ọ́ lọ," mo ní. "Ṣe bí ẹni pé táyà ni mí."

Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo rí eyín rẹ̀. "Ẹ má bínú o, Mummy. Tó bá jẹ́ táyà ni yín, ǹ bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òjé kì í fún táyà lágbára. Ẹ́ńjìnnì ló ń fún un. Òjé kàn ń jẹ́ kó yé gbọ̀n ni. A kì í lẹ̀ ẹ́ síbi tó bá wù wá, ibi tó bá ń gbọ̀n la máa ń wá."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun tó fi ń sàmì sára táyà, ó fi kun bọ́ọ̀lù mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù ú sí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo ń gbá a padà sí i. Àwọn awakọ̀ táńkà tó ń lọ sí Satellite Town yọ orí jáde lójú fèrèsé. Ọ̀kan kígbe pé, "Mama, nack am!" Nígbà tí a gbá bí ogún, Bùsàrí gba pádù náà, ó dá a dùbúlẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀ kedere. Kò sí ọ̀kan láàárín. Ẹ̀gbẹ́ òsì, nísàlẹ̀, ni gbogbo wọn kóra jọ sí.

"Ẹ wò ó, Mummy. Ọwọ́ yín ò ṣàìlágbára. Láti ìgbà tí egungun yẹn ti kán lẹ ti ń sá fún bọ́ọ̀lù. Ẹ ń yí ọwọ́ kúrò kó tó dé. Etí ló wá ń bà, ìyẹn ló ń mú un gbọ̀n."

Ojú tì mí. Gbogbo àsìkò tí mo fi ń bá àwọn ènìyàn jà pé kí wọ́n yé gẹ̀ mí, èmi fúnra mi ń gẹ ara mi. Ṣọ́ọ̀kì ló tú àṣírí mi.

Bùsàrí ká òjé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kúrò lórí. Ó mú tuntun, ó lẹ ẹyọ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹyọ kan mọ́ tòsì, a gbá a. Ó tún fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un, a tún gbá a. Pádù náà kò yí mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò tíì yá tó, ó bá lẹ ìkarùn-ún mọ́ ìdí ìdìmú. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé e bà á, ó dún "kó", ọrùn ọwọ́ mi kò sì mọ nǹkan kan.

"Ìkẹfà ńkọ́?" mo bi í.

"Ẹ fi sílé, Mummy. Ó ti tó."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọmọ ọlọ́mọ lójú títì.

Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, mi ò wá agbára mọ́. Àyè kan wà lẹ́bàá àwọ̀n, ní ìhà méjèèjì, tí a ń pè ní kíṣìnì. Bí o bá dúró nínú rẹ̀, o kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí kò tíì balẹ̀. Richard kórìíra ibẹ̀. Ẹ̀yìn ló fẹ́ràn láti dúró sí, kó máa fọ́ bọ́ọ̀lù mọ́ ènìyàn. Èmi àti Alhaja bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ó ṣe máa gbé bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́, kó sáà kọjá àwọ̀n, kó sì kú síbẹ̀. Ọdún méjìlélógójì rèé tí mo ti wà nílé ọkọ. Ta ló fẹ́ fi kíṣìnì dẹ́rù bà mí?

Sátidé dé. Gbogbo ẹgbẹ́ pé, ọkọ mi náà gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ wá, kò sì kà á. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mọ́kànlá ló ń jẹ, ẹ̀ẹ̀mẹta la ó sì gbá a. Wọ́n jẹ àkọ́kọ́, wọ́n fi mọ́kànlá na méje wa, nítorí mo ṣì ń sá. Alhaja sún mọ́ mi, ó fi oríkì mi pè mí, ó ní, "Àpèkẹ́, bọ́ọ̀lù ike ni, kì í ṣe òkúta." Mo gbọ́. A jẹ ìkejì, mọ́kànlá sí mẹ́jọ, Richard sì ti ń sáré wá sí kíṣìnì tó sì ń padà sẹ́yìn títí aṣọ rẹ̀ fi tutù.

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan ń dún lọ́wọ́ mi. Oòrùn àti òógùn ti yọ́ ohun tó lẹ òjé kan mọ́ pádù, òjé náà ti fẹ́ já bọ́, ó sì jẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ òsì. Alhaja wo pádù náà, ó wò mí, ó ki ọwọ́ bọ inú báàgì rẹ̀, ó sì fa agolo kan yọ.

"Oje rẹ rèé," ó ní. "Èyí tó ń lẹ̀ mọ́ nǹkan."

Ó fi kun òjé, ó fi kun pádù. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ gọ́ọ̀mù yẹn mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀ ká tó pa á pọ̀, bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Richard ti ń kígbe: "Mummy, time o! Ìṣẹ́jú méjì ni ìsinmi!"

Alhaja yí padà sí i. "Alága, ta lò ń pariwo mọ́? Ṣé kì í ṣe Ìyá Ẹgbẹ́ nìyẹn? Níbo ni wọ́n ti ń kán Ìyá Ẹgbẹ́ lójú?"

"Kò síbì kankan!" ni àwọn ènìyàn dáhùn.

Mo bá lọ jókòó sórí àga mi. Mo ní kí wọ́n fún mi lómi, wọ́n fún mi. Mo ní, "Mi ò tíì gbàdúrà sórí bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ mi sì ni." Richard fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà fún mi, kí ló fẹ́ sọ? Ó gbé bọ́ọ̀lù wá, ó tẹrí ba. Mo gbàdúrà fún bọ́ọ̀lù. Mo gbàdúrà fún àwọ̀n, fún ìlà, fún ẹni tó kun ìlà. Mo gbàdúrà fún orúnkún alága, fún ìyàwó rẹ̀, fún àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ wọn, ó sì ń ṣe àmín, àmín, ó ń wo aago. Mo ti dé orí àwọn àna rẹ̀ nígbà tí Alhaja gún mi nígbọ̀nwọ́. Ó ti lẹ̀.

"Lórúkọ Jésù," mo ní.

"Àmín!" Richard ló pariwo rẹ̀ jù.

Ìkẹta le. A jẹ ọ̀kan, wọ́n jẹ ọ̀kan, títí a fi ní mẹ́wàá tí wọ́n sì ní mẹ́sàn-án. Alhaja gbá a lọ, Bukky dá a padà, mo gbé e sókè jù. Mo rí i bí ojú Richard ṣe tàn. Ó fò, ó sì fọ́ bọ́ọ̀lù náà mọ́ mi láyà.

Mi ò sá. Mo fi pádù dè é, láàárín gan-an. Ó dún "kó". Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá àwọ̀n wẹ́rẹ́, ó já sí kíṣìnì láàárín àwọn méjèèjì. Bukky ló sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Bukky. "Ẹ gbá a, sà!" ó ní, ó sì yàgò fún àgbà. Kí àgbà tó dé, bọ́ọ̀lù ti ta lẹ́ẹ̀mejì, mọ́kànlá wa sì ti pé.

Ariwo tí wọ́n pa, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Mile Two. Alhaja gbé mi, àbí èmi ni mo gbé e, mi ò mọ̀ mọ́. Ọkọ mi ń fi ìwé ìròyìn lu orí ara rẹ̀. Richard ń mí hẹlẹ, ó fi ẹ̀yìn rìn, ó sì jókòó gbì sórí àga tó sún mọ́ ọn. Ó wo apá òsì, ó wo agbòòrùn, ó yọjú wo ohun tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kúnlẹ̀ kí mi!" Mo sì kúnlẹ̀ kí i, nítorí inú mi dùn débi pé mo lè kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a ń túká, mo kó nǹkan mi sínú báàgì: bàtà, ìgò omi mẹ́ta, pádù, agolo gọ́ọ̀mù tí Alhaja ní kí n máa gbé lọ nítorí pé èmi ló ni í. Bukky sáré wá, ó ti na ọwọ́.

"Mummy, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e. Ó wúwo."

"Mo mọ̀," mo ní. Mo gbé e kọ́ èjìká ọ̀tún, mo sì gbé e délé.